Bẹ́ńṣì Àwọn Aláìní

Aṣọ tìmùtìmù ni ẹgbẹ́ Dọ́kásì ti ìjọ Òkè Àánú fi rán aṣọ fún àwọn aláìní, ní ọdún tí ìjì jà ní Iléṣà. Kì í ṣe àsọdùn. Aṣọ líle onílà funfun àti búlúù tí wọ́n ń rọ òwú àràbà sínú rẹ̀ ni. Màmá Ògúnlẹ́yẹ, ìyá ìjọ, ló rí i rà lọ́pọ̀. Ó ní ó lágbára. Ó ní kò ní tètè gbó lára aláìní, nítorí pé aláìní kì í ní ju ẹyọ kan lọ. Ó sì ní bí gbogbo wọn bá wọ irú aṣọ kan náà, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, ojú Ọlọ́run àti ojú ìjọba yóò rí wọn pa pọ̀.

Phebe Ọmọ́tọ́ṣọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bí ó ṣe gbọ́ ọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára; àwọn òyìnbó míṣọ́nnì ló fi pàṣán kọ́ ọ. Kò fi tirẹ̀ kún un. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé nítorí dídákẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í ṣe akọ̀wé.

Tíṣà ọmọdé ni Phebe. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, Julianah Àpìkẹ́, sì ti tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ, ó sì ti pé ọdún méjì. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú, ẹgbẹ́ Dọ́kásì kò yọjú. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n wá, pẹ̀lú ìwé orin àti páálí ṣúgà kan. Àdíját aláró, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Phebe, ló wá ní wákàtí náà gan-an. Aró dú lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó wẹ ọmọ náà, ó tún irun rẹ̀ dì. Kò béèrè ìjọ tí ó ń lọ.

Ọmọ Òṣogbo ni Àdíját, Mùsùlùmí paraku. Mùyídéènì, ọkọ rẹ̀, ló mú un wá sí Iléṣà nígbà tí ó ń wa wúrà ní Itagunmodi. Lọ́jọ́ kan, kòtò ya lu Mùyídéènì, wọ́n sì wú u jáde bí ẹni wú iṣu. Ó fi ilé oníyàrá méjì sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti ìkòkò aró mẹ́fà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìkòkò yẹn ló ń bọ́ wọn. Nígbà tí ìjì wá gbé gbogbo òrùlé ilé náà lọ bí ẹni gbé ìwé, Sànúsí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ránṣẹ́ láti Òṣogbo. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kò ní máa sùn sábẹ́ ìràwọ̀. Bí orí ilé bá ṣì ṣí di ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, òun yóò wá kó àwọn ọmọ náà, bí ìyá wọn bá sì fẹ́, kó tẹ̀ lé wọn wá, òun yóò ṣú u lópó. Àdíját kò fẹ́. Wọn kì í sì í ru ìkòkò aró tó ti rì mọ́lẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba ń kó páànù bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ìjì gbé òrùlé rẹ̀, ọkàn Phebe kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Àdíját. Ìjọ Òkè Àánú ni ìjọba fa pínpín rẹ̀ lé lọ́wọ́ ní àdúgbò náà, nítorí pé ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn tó ní kọ́kọ́rọ́ wà.

Bàbá Ìjọ, Ògúnjìnmí, ló wádìí àwọn tó yẹ. Osómàáló ni bàbá yìí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí ojú fi tì wọ́n. Ó ti dàgbà báyìí, orúnkún kò gbà á láyè mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sórí ọkàn èèyàn. Ó bi ọ̀kan pé ìyàwó mélòó ló ní. Ó bi èkejì pé ìgbà wo ló jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa kẹ́yìn. Ìjì kò bi ẹnikẹ́ni ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí kó tó gbé páànù wọn.

Ó kan Àdíját.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Àdíját ni mò ń jẹ́, Bàbá."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ti dolóògbé."

"Ó ti tó ọdún mélòó! Kí ló dé tí o kò fẹ́ òmíràn?"

"Irú yín ni mò ń dúró dè, Bàbá."

Obìnrin kan lẹ́yìn fi gèlè bo ẹnu. Phebe tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ gidigidi.

"Ẹnu mímú kì í bo ilé o, ìyàwó," ni Màmá Ògúnlẹ́yẹ wí. Obìnrin tó sanra ni, ọkọ rẹ̀ ń ra kòkó, ó ní lọ́rì mẹ́ta. "Gbọ́ mi dáadáa. Máa kó àwọn ọmọ rẹ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Gba aṣọ yìí. Lọ́jọ́ Àìkú tí ọ̀gá ìjọba láti Òṣogbo bá dé, wọ̀ ọ́, kí o jókòó sí bẹ́ńṣì iwájú níbẹ̀ yẹn. Páànù rẹ ti dé nìyẹn. Ṣé ó le?"

Àdíját gba aṣọ náà. Ó fi ìka méjì ra etí rẹ̀ bí àwọn tó mọ aṣọ ṣe ń rà á.

"Màmá, aṣọ lọmọ yín ń pa láró, mo mọ aṣọ. Wọn kì í wọ eléyìí. Wọ́n máa ń sùn lé e ni."

"Ẹni tí kò ní kì í ṣa nǹkan."

"Òótọ́ ni, mà. Àmọ́ bàbá mi l'Óṣogbo, gbogbo Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ń ṣe sàráà, àkàrà àti ẹ̀kọ. Ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n ń fún. Wọn kì í ní kó tò sórí ìlà. Wọn kì í sì í ní kó wá kírun kó tó jẹ ẹ́." Ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó jókòó dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ bá mi kí páànù náà."

Ó jáde. Kò wo ojú Phebe, nítorí pé ó mọ̀ pé bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ?" Phebe béèrè.

"Kọ pé ó gbéra ga," ni Bàbá Ògúnjìnmí wí.

Phebe kọ ọ́ pé: Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó sì dá a padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí gbọ̀ngàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ó ti dé ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá gba aṣọ Dọ́kásì, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, "Ẹ kú tìmùtìmù o! Ẹ kú tìmùtìmù o!" Ọdúntán bíríkìlà, tó ti gba tirẹ̀, gbé e padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní òun wọ̀ ọ́ délé, ìyàwó òun wo òun, ó béèrè pé ibo ni kí òun gbé orí lé lára rẹ̀, ní òkè ni àbí ní ìsàlẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n yàn. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, aṣọ mọ́kànlá ti padà wá, wọ́n ju òmíràn gba orí ọgbà. Àwọn aláìní Iléṣà yàn láti máa wo ọ̀run láti orí ẹní wọn. Phebe gbàdúrà fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àdúrà náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ kún, bẹ́ńṣì iwájú ṣófo. Ẹni kan sáré wọlé, ó ní lọ́rì ìjọba ti yọ.

Wọ́n péjọ sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. "Tí kò bá sí aláìní lórí ìjókòó, ọ̀gá yẹn á yí lọ́rì padà," ni Bàbá Ògúnjìnmí wí. "Ìwé ìjọba ní lójú ẹni tó ń gbà á ni kí wọ́n ti já a."

Màmá Ògúnlẹ́yẹ ronú díẹ̀. Ó wo òkìtì aṣọ tìmùtìmù tó wà nílẹ̀.

"Wákàtí kan péré ni," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀ ọ́."

"Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn," ni Bàbá Ògúnjìnmí wí. "Olúwa náà wẹ ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn."

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin mẹ́wàá inú ẹgbẹ́ Dọ́kásì àti Bàbá Ìjọ ṣe gbé aṣọ tìmùtìmù bo léèsì wọn. Ti Màmá Ògúnlẹ́yẹ kò fẹ́ wọlé. Wọ́n ya aṣọ náà lábẹ́ apá. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, wúrà Itagunmodi, ó kó o fún Phebe pé kó bá òun mú un. Phebe mú un. Ó wúwo. Ó ronú kan Mùyídéènì nínú kòtò, kò sì lè gbé ojú kúrò lára nǹkan náà títí wọ́n fi pè é síwájú.

Ọ̀gbẹ́ni Béjidé, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì ni, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Fọ́tò ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n yà. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí bẹ́ńṣì.

"Ẹ̀yin ìyá wa, bàbá wa, ìjọba mọ ìyà tó ń jẹ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Ìjọba kò ní máa bọ́ ọ̀lẹ. Bí a bá bò yín lónìí, ẹ múra síṣẹ́ lọ́la." Ojú rẹ̀ dúró lórí Màmá Ògúnlẹ́yẹ. "Bí ẹ̀yin yìí, ìyá, ara yín ṣì le dáadáa. Ẹ lè roko."

Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ran gbogbo wọn.

Béjidé ṣí fọ́ọ̀mù, ó fún Phebe kó máa kọ ọ́. "Ìyá, ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó wà," ni Màmá Ògúnlẹ́yẹ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó ní ọwọ́ ẹ̀yìn nínú agbádá sányán, ó ń fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Iṣẹ́... iṣẹ́ kòkó ni."

"Ẹ kọ lébìrà," Béjidé sọ fún Phebe.

Phebe kọ lébìrà.

"Ṣé ẹ ní ilé mìíràn?"

"Rárá."

Phebe gbé ojú sókè, ó wo ìta láti ojú fèrèsé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ògúnlẹ́yẹ dúró sódìkejì títì, páànù orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Kò sí àkùkọ tó kọ. Phebe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra béèrè bí ó ṣe yẹ kí akọ̀wé béèrè pé, "Kí ni kí n kọ pé ìjì bàjẹ́, mà?"

Màmá Ògúnlẹ́yẹ wò ó bí ẹni fẹ́ gbé e mì. "Kọ òrùlé," ó wí. Obìnrin tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní gbogbo ọjọ́ Àjíǹde tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú yíǹkì, ó sì tẹ ẹ́ sísàlẹ̀ gbólóhùn tó ní òun kò ní ẹni tó lè ran òun lọ́wọ́. Mọ́kànlá wọn tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò náà, gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́, ṣì wà lára pátákó kan l'Óṣogbo, àkọlé rẹ̀ ni Àwọn Aláìní Iléṣà. Màmá Ògúnlẹ́yẹ ló wà láàárín.

Phebe rò pé ìtìjú yóò ṣe ohun tí àánú kò ṣe. Lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n ti já páànù tán, ó béèrè ohun kan tí kì í ṣe ti akọ̀wé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìpàdé láti ọdún méjì.

"Ta ni a óò pín in fún báyìí?"

"Pín kẹ̀?" ni Bàbá Ògúnjìnmí wí, tó ń fi kérósìn nu yíǹkì kúrò ní ìka. "Àwọn tó tẹ̀ka ló ni ín nínú ìwé. A pe àwọn aláìní, wọn ò wá. Ká fi díẹ̀ bo ilé ìdáná àlùfáà, kí ìyókù wà nílẹ̀ de ìjì mìíràn."

"Ìjì tó ti jà ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn ti lọ."

Phebe gbé ẹ̀gbà wúrà lé orí tábìlì, ó gbé ìwé ìpàdé tì í, ó gbé bírò lé ìwé náà. Ó wo àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fa aṣọ tìmùtìmù bọ́ kúrò lára wọn, tí bọ́tìnnì ń já. Ó ti ń bá wọn kọrin fún ogún ọdún. Ó wò wọ́n bí ènìyàn ṣe ń wo eṣinṣin tó kú sínú ọbẹ̀ tí òun ti jẹ tó ìdajì. Ó jáde.

Ilé rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Yàrá Àpìkẹ́ dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ kó tó kú. Títì ni ó wà láti ọdún méjì. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Phebe ń ṣí i láti gbá a. Bẹ́ẹ̀dì kékeré wà níbẹ̀, àti bàtà sáńdà ọmọ náà, àti síléètì tí ó ṣe ìṣirò sí, méje àti márùn-ún, tí kò kọ ìdáhùn rẹ̀. Ìjì tó ṣí òrùlé lórí ọmọ mẹ́ta kò fọwọ́ kan èyí tó bo ẹni tí kò sí. Phebe dúró nínú oòrùn, ó wo páànù náà, ó sì mọ ohun tí òun yóò ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó lọ bá Àdíját lẹ́yìnkùlé. Àdíját ń fa aṣọ yọ nínú aró. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ẹní méjì ṣe àtíbàbà níbi tí yàrá wà tẹ́lẹ̀.

"Sànúsí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì," Àdíját wí, kò tíì kí i tán. "Ó ti ránṣẹ́."

"Páànù rẹ ti wà," Phebe wí. Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra lójú ọ̀nà. "Mo fẹ́ kí káfíńtà tú ti orí yàrá Àpìkẹ́, kó wá kàn án síbí. Gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ."

Bí ó ti ń sọ ọ́, ó ń dùn mọ́ ọn nínú. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà á lẹ́rù.

Àdíját fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó sá a sórí okùn kó tó dáhùn. "Páànù tí wọ́n bá tú, ihò ìṣó kì í dí, Ìyá Àpìkẹ́. Á máa jò lórí mi." Ó nu ọwọ́. "Kí òjò sì máa rọ̀ lé bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀? Ta lẹ fẹ́ kó rí i?"

"Mo ní n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Lójoojúmọ́ lẹ ó máa jí, ẹ ó máa wo yàrá tí orí rẹ̀ ṣí. Ẹ ó máa sọ fún ara yín pé, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Bẹ́ńṣì tiyín nìyẹn. Èèyàn kan ṣoṣo ló jókòó sí i ni."

Ojú Phebe gbóná. Kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Ẹ má bínú," Àdíját wí. "Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ fún mi. Kí àwọn ọmọ máa sùn níbẹ̀ títí n óò fi ta aró ọdún Iléyá, kí n fi ra páànù tèmi. Bí Sànúsí bá bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ òrùlé tíṣà, kí ni yóò wí?"

Páànù ni Phebe ti múra láti fi sílẹ̀. Kò múra fún ẹsẹ̀ ọmọ mẹ́ta.

"Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan síléètì," ó wí. "Kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Kí wọ́n má sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ ni kí wọ́n tẹ́ ẹní sí. Kí wọ́n..."

Ohùn Bàbá Ògúnjìnmí ló ń gbọ́, nínú ọ̀fun ara rẹ̀. Gbogbo ẹ̀gàn tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ Àìkú, tó ń gbé kiri bí oúnjẹ aládùn, yí padà wá bá a. Àdíját ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ dú dé ìgbọ̀nwọ́ bí ọjọ́ tí ó wẹ Àpìkẹ́.

Phebe tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

Sànúsí dé lọ́jọ́ Ẹtì lóòótọ́. Ó bá aṣọ àwọn ọmọ lórí okùn tíṣà. Ó dúró wò ó, ó jẹ iyán tí Phebe gbé fún un, ó rojọ́ díẹ̀ nípa ojú ọ̀nà, ó wọkọ̀ padà. Àwọn páànù ìjọba ṣì wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ewé kòkó gbígbẹ ti ń bò wọ́n.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Phebe gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́ láti wò ó bóyá ó ń jò. Mùstàfá, èyí àgbà, ti fi itọ́ nu síléètì náà, ó ya ewúrẹ́ sórí rẹ̀. Phebe di férémù ilẹ̀kùn mú. Nígbà náà ni Àgbékẹ́, àbíkẹ́yìn wọn, rìn wá bá a, ó ń fa sáńdà tó tóbi jù fún un nílẹ̀, ó wọ ti ọ̀tún sí òsì.

"Kò gbà mí," ọmọ náà wí.

"O ò mọ̀ ọ́n wọ̀ ni," Phebe wí. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ méjèèjì, ó sì pààrọ̀ wọn fún un.